Ojú Méjì ní Í Mọ Ìjìnlẹ̀: Bí A Ṣe Ń Gé Àwòrán Ìbejì, Tí A Sì Ń Fi Férémù Sí I

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣí ojú ewé yìí ń retí pé kí n sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ sísè tàbí nípa aṣọ rírán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo gbé wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń gé búláọ̀sì láì fi aṣọ ṣòfò ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà kí n tó la ẹnu.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa ni agolo bísíkíìtì kan wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí kì í sì í ṣe bísíkíìtì ni ó wà nínú rẹ̀. Rìsíìtì ilẹ̀, bọ́tìnnì, ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi àti fọ́tò àwọn tí ó ti kú ni a ń kó sí i. Irú agolo bẹ́ẹ̀ ni ó kàn mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin fi ayé sílẹ̀. Leningrad ni ó ti kàwé ní àwọn ọdún 1970, ìlú tí ó padà sí orúkọ rẹ̀ àtijọ́, St Petersburg, ní ọdún 1991. Ó ra ẹ̀rọ ayàwòrán kan bọ̀ láti ibẹ̀, Sputnik ni orúkọ rẹ̀, láti ọdún 1955 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Ojú mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ní. Èyí tí ó wà láàárín ni ayàwòrán fi ń wo ohun tí ó fẹ́ yà. Àwọn méjì tí ó kù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, a máa ya àwòrán méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lábẹ́ ẹ̀rọ yìí nínú agolo ni mo ti bá fíìmù kan tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ká jọ bí ẹní, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé.

Mo gbé e sí ojú fèrèsé, mo sì kà á: àwòrán méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà. Ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú méjì, wọ́n ti bàjẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ti Òkè Olúmọ láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó dúró ti ọkọ̀ Peugeot 504. Àwọn méjì yòókù ni ó mú mi jókòó: obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó jókòó lórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró, ní àgbàlá kan ní Abẹ́òkúta. Ọdún 1978 ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọ sí ara agolo. Mo pe ìyá mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé ìyá mi nìyẹn?” Fọ́tò kékeré kan ṣoṣo ni ìyá mi ní tí ó jẹ́ ti ìyá tí ó bí wọn, ó sì ti ya láti àgbọ̀n. Ní tèmi, ìyá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ wá wo ohun tí ó bà mí lẹ́rù. Súláìdì ni fíìmù náà, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí àwọ̀ ohun gbogbo sì hàn lára rẹ̀ bí ó ti rí gan-an. Kò ní nẹ́gátíìfù. Fíìmù tí ó wọ inú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ni àwòrán. Kò sí èkejì rẹ̀ níbikíbi. Bí ọwọ́ mi bá yẹ̀ tí mo bá fi bíléèdì la ojú ìyá àgbà kọjá, a kò ní rí i rà.

Ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí ènìyàn yóò fi ya ohun kan lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ na ìka kan sókè níwájú yín, kí ẹ di ojú ọ̀tún, kí ẹ fi ti òsì nìkan wò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ di ti òsì, kí ẹ fi ti ọ̀tún wò ó. Ẹ ó rí i pé ìka náà ń fò lára ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ojú òsì ń wò, ìka a sún sí ọ̀tún. Nígbà tí ojú ọ̀tún ń wò, ìka a sún sí òsì. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, nítorí pé yóò wúlò fún wa níwájú. Bíi mìlímítà 63 ni ó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì àgbàlagbà, nítorí náà kò sí bí àwọn méjèèjì ṣe lè rí ohun tí ó wà nítòsí bákan náà. Ọpọlọ ni ó ń so ohun tí ọ̀tún rí pọ̀ mọ́ ohun tí òsì rí, tí ó sì ń sọ fún wa pé ìkòkò wà níwájú, ògiri wà lẹ́yìn. Bí a bá ya àwòrán ti òsì àti ti ọ̀tún lọ́tọ̀, tí a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan han ojú tí ó ni ín, ọpọlọ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, àgbàlá tí ó ti wó tipẹ́ yóò sì tún ní ìjìnlẹ̀.

Charles Wheatstone, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1838, kí fọ́tò tó di ohun tí aráyé mọ̀. David Brewster, ará Scotland, ṣe èyí tí ó ní dígí méjì tí a ń gbé sójú ní ọdún 1849. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá tí ó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1851, ó wu Ọbabìnrin Victoria púpọ̀, láti ìgbà náà ni gbogbo ilé tí ó rí jájẹ sì ti ń wá a. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Oliver Wendell Holmes, wá ṣe èyí tí ó fúyẹ́ tí kò sì wọ́n ní ọdún 1861.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí àwòrán méjì tí ó dúró ti ara wọn. Ní ọdún 1975, òyìnbó ayàwòrán kan, Stephen Sprague, wá ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ohun tí ó rí síta ní ọdún 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, oníṣẹ́ fọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọn a wọ aṣọ méjèèjì fún ọmọ tí ó wà láàyè, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó yà á. Mo máa ń ronú sí i pé bí a bá fi àwòrán kan náà tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ Brewster, pẹrẹsẹ ni yóò rí, nítorí pé ohun tí Táyé rí ni Kẹ́hìndé rí. Ìyàtọ̀ kékeré tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ó ń bí ìjìnlẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ronú kàn án ni mo ti ń pe àwòrán ojú òsì ní Táyé, tí mo sì ń pe ti ojú ọ̀tún ní Kẹ́hìndé. Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ibi iṣẹ́. Fíìmù tí a ń sọ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní 120, tí ilé iṣẹ́ Kodak kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1901, tí wọ́n ṣì ń ṣe títí di òní. Àwòrán kọ̀ọ̀kan tó mìlímítà 56 níbùú lóròó, ó sì ju ìlọ́po mẹ́ta àwòrán fíìmù kékeré tí gbogbo wa mọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè rí okùn tí wọ́n fi di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́.

Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú. Etí nìkan ni kí ẹ fi máa di fíìmù mú. Apá kan fíìmù a máa dán. Apá kejì kò dán tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwòrán wà, nínú gélátíìnì. Ẹ̀yin tí ẹ ti se bọ̀kọ́tọ̀ di ọjọ́ kejì mọ ohun tí gélátíìnì jẹ́: òun ni ó mú kí omi ẹsẹ̀ màlúù dì nígbà tí ó tutù. Láti inú awọ àti eegun màlúù ni ti fíìmù náà ti wá. Bí omi bá kàn án, yóò wú; bí ooru àti ọ̀rinrin bá dúró tì í, yóò bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi omi ọṣẹ nù ún. Ẹ má sì ṣe hu ìwà tí mo rí lọ́wọ́ oníṣẹ́ fọ́tò kan ní kékeré mi, tí ó fi itọ́ ẹnu nu fíìmù oníbàárà! Búrọ́ọ̀ṣì irun rírọ̀ tí kò tíì kan àtíkè rí ni kí ẹ fi gbá eruku rẹ̀ nù.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ tẹ́ fíìmù náà sórí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, kí apá tí ó dán kọjú sí yín, kí orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì wà lókè. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní àwòrán wà láàárín àwòrán kan àti èkejì. Láàárín ìlà náà gan-an ni kí bíléèdì gbà, pẹ̀lú rúlà irin. Mi ò gba àlùmọ́gàjí níyànjú, nítorí pé a máa yà sọ́tùn-ún yà sósì. Ẹ sì fi àpá ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù tí kò ní àwòrán dán ọwọ́ wò ná. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkùnrin oní-Peugeot, rúlà yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, mo sì gé apá rẹ̀ kúrò nínú àwòrán Kẹ́hìndé. Títí di òní n kò mọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ti gé wọn tán, ẹ má ṣe tò wọ́n bí wọ́n ti wà lórí fíìmù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ̀rọ ayàwòrán a máa dorí ohun gbogbo kodò sára fíìmù. Nígbà tí a bá yí fíìmù padà kí orí lè wà lókè, èyí tí ó wà lósì ti bọ́ sí ọ̀tún. Kẹ́hìndé ni ó ti jókòó sí ipò Táyé. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn. Mo mọ̀ ọ́n lórí ìwé, síbẹ̀ ìwàǹwára mú mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí bí wọ́n ṣe wà, mo sì gbé e fún ìyá mi. Ìkòkò aró jìn wọlẹ̀ bí ihò, aṣọ tí wọ́n sá sórí ògiri ẹ̀yìn sì jáde wá síwájú. Ìyá mi gbé e kúrò lójú, wọ́n ní, “Ìyá mi ni, àmọ́ ó dà bí ẹni pé aṣọ ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kí lẹ ṣe sí wọn?” Nígbà tí ìyá ẹni bá sọ “ẹ” fún ọmọ, ẹ mọ̀ pé inú wọn kò dùn.

Ìka tí a nà lẹ́ẹ̀kan ni ó yẹ kí n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá ohun kan tí ó wà níwájú nínú àwòrán, kí ẹ sì wo ibi tí ó dé lára ohun tí ó wà lẹ́yìn. Àwòrán tí ohun iwájú ti sún sí ọ̀tún jù ni ti ojú òsì. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ T tàbí K sí etí fíìmù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, níbi tí kò sí àwòrán.

Férémù ni ó kàn. Páálí dúdú ni mo lò, mìlímítà 132 ní gígùn àti 80 ní gíga, abala méjì tí yóò pa fíìmù mọ́ sáàárín. Mo gé fèrèsé méjì sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 níbùú lóròó, mo sì jẹ́ kí 62 wà láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ páálí sórí ìwé onílà wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni gíga. Bí ojú ìyá àgbà bá wà lórí ìlà kan nínú Táyé, orí ìlà kan náà ni kí ó wà nínú Kẹ́hìndé. Ojú ènìyàn lè fà wọ ara wọn láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè gòkè kí èkejì sọ̀kalẹ̀. Orí fífọ́ ni ìyọrísí rẹ̀. Kí àwòrán kankan má sì ṣe tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àwòrán ògiri tí ìṣó rẹ̀ ti tú.

Ohun kejì ni ìwọ̀n láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ mú góńgó igi kan tí ó jìnnà réré lẹ́yìn, kí ẹ wọn ọ́n láti inú àwòrán kan dé inú èkejì. Nínú ti Sputnik, bíi mìlímítà 64 ni. Bí ó bá fi púpọ̀ ju èyí lọ, a óò máa fi ipá ya ojú òǹwòran síta, èyí tí Ọlọ́run kò dá ojú fún. Ohun tí ó bá sún mọ́ tòsí, ìwọ̀n tirẹ̀ a máa kéré sí i. Ìyá àgbà tí ó jókòó ní nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀ sí ẹ̀rọ, 62 ni tirẹ̀. Ìkòkò aró tí kò ju mítà méjì lọ jẹ́ 61 àti díẹ̀. Ti Òkè Olúmọ kò yàtọ̀ níbì kankan, 64 ni gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àpáta ńlá náà fi rí pẹrẹsẹ bí àwòrán ara kàléńdà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ìbá ti fi igi kan tàbí ènìyàn kan síwájú.

Ó kù sí ibi etí fèrèsé, mo sì rò pé òun ni ó dùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ń wo àwòrán ìbejì dà bí ẹni tí ó dúró nínú yàrá, tí ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Bí ohun gbogbo bá wà lẹ́yìn fèrèsé, ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrèsé mi jẹ́ 62, ìkòkò aró sì jẹ́ 61 àti díẹ̀. Ìkòkò ti yọ síwájú fèrèsé, síbẹ̀ etí òsì fèrèsé gé e kúrò ní ìdajì. Báwo ni igi fèrèsé ṣe lè gé ohun tí ó wà níwájú rẹ̀? Ojú kọ̀ ọ́, ó ń wò ó títí, ó ń rẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan lè sọ pé kí a ya Táyé àti Kẹ́hìndé nípa síi kí ohun gbogbo lè sún sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n igi ẹ̀yìn yóò kọjá 64, a ó sì tún ni ojú lára. Ohun tí ó dára jù ni kí a fi fèrèsé sún síwájú. Mo bo mìlímítà kan ní etí òsì fèrèsé Táyé, mo sì bo mìlímítà kan ní etí ọ̀tún fèrèsé Kẹ́hìndé, etí ìta méjèèjì nìyẹn. Fèrèsé di 61, ìkòkò aró sì padà sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì bo etí inú, níṣe ni fèrèsé yóò tún sá sẹ́yìn.

Tépù polyester aláwọ̀ fàdákà tí àwọn oníṣẹ́ súláìdì ń lò ni mo fi bò ó. Sẹ́lótéèpù ilé ìwé kò yẹ: nínú ooru wa, gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa yọ́, a sì wọ inú àwòrán. Òkè fíìmù nìkan ni kí ẹ sì lẹ̀ mọ́ páálí, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lófìfo. Fíìmù a máa fẹ̀ díẹ̀ nígbà tí iná bá mú un. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ yíká, yóò wú bí àkàrà. Àwọn kan ń fi dígí méjì pa á mọ́, ṣùgbọ́n ní agbègbè ọ̀rinrin bíi tiwa, dígí a máa há ọ̀rinrin mọ́nú.

Àpò ìwé ni mo ń kó wọn sí, n kì í lo àpò rọ́bà PVC, tí a máa ba fíìmù jẹ́ bí ó bá pẹ́. Ẹ gbé wọn sí ibi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, kì í ṣe orí àjà abẹ́ páànù. Bí ẹ bá ṣí agolo àtijọ́ tí ẹ gbọ́ òórùn fínígà, ara fíìmù ti ń jẹrà nìyẹn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò da àwòrán náà kọ kíákíá. Bí ẹ bá sì ń fi ẹ̀rọ onídígí wò ó, ẹ kọjú sí ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run. Ẹ má ṣe kọjú rẹ̀ sí oòrùn láé, pàápàá bí ọmọdé bá ni yóò wò ó.

Nígbà tí mo tún gbé e fún ìyá mi, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ìkòkò dúró níwájú, ìyá àgbà jókòó lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ sì padà sí orí ògiri. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n na ọwọ́ síwájú nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni tí ó fẹ́ di etí ìkòkò mú. Wọ́n ní ọwọ́ ìyá wọn dúdú fún aró dé ọrùn ọwọ́, pé àwọn ti gbàgbé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ọmọdé kan hàn mí tí ó yọ láti ẹ̀yìn òpó, èyí tí n kò rí nínú àwòrán kankan nígbà tí mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ni.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò tíì gé. Ìyá mi ń bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, eruku sì wà lórí gbogbo tábìlì inú ilé. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ná.